Bí a ṣe ń fi ọba ṣiṣẹ́ ní ìparí ayò ṣẹ́ẹ̀sì

Òjò ń rọ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé náà, iná mànàmáná ti lọ, a sì ti gbé àwọn ọpọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣẹ́ẹ̀sì ní Mọ́lípà, ní Ìjẹ̀bú Òde. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan jókòó síwájú ọpọ́n tirẹ̀. Ó ní ọba àti ayaba. Ẹni tí wọ́n jọ ń ta kò ní ju ọba nìkan lọ, ọba dúdú náà sì ti sá wọ igun, ní ojúlé h8. Ọmọ náà fi ìka méjì mú ayaba rẹ̀ lórí, ó rọra gbé e kalẹ̀ sí g6, ó sì gbójú sókè wò mí pẹ̀lú ẹ̀rín. Ayò parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀mì ni. Ọba dúdú kò sí nínú ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ni pé ayaba kò tíì halẹ̀ láti jẹ ẹ́ níbi tí ó wà, kò sì ní ojúlé kankan tí ó lè lọ láìkó sẹ́nu ayaba. Bí ọ̀ràn bá sì rí báyìí, òfin ṣẹ́ẹ̀sì kò fún ẹnikẹ́ni ní ayò náà. Ó ti lé ní wákàtí kan tí ọmọ yìí ti ń jẹ ọmọ ogun ẹnìkejì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbésẹ̀ kan gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo wo ọpọ́n náà dáadáa, mo rí i pé ọba funfun rẹ̀ wà ní g1, níbi tí ó ti sá pamọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ayò, àti pé ayaba nìkan ni ó ń rán níṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ohun àkọ́kọ́ tí n óò máa kọ́ ọmọ èyíkéyìí nípa ìparí ayò ni pé ọba gbọ́dọ̀ dìde kí ó rìn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú ìwé yìí wá láti ibẹ̀.

Ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà tí ń ta ayò ọlọ́pọ́n ní ìrọ̀lẹ́, yálà ní Ìjẹ̀bú Igbó tàbí ní Ìpẹ̀rù Rẹ́mọ. Nígbà tí ọmọ ayò bá kún inú ilé, ẹnikẹ́ni lè máa ta á kiri. Ìgbà tí ọmọ bá ku díẹ̀ lórí ọpọ́n ni a máa ń dá ọ̀ta mọ̀ yàtọ̀ sí òpè, nítorí ìgbà náà ni kíkà ń bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ṣẹ́ẹ̀sì rí. José Raúl Capablanca, ọmọ orílẹ̀-èdè Kúbà tí ó jẹ́ olúborí àgbáyé láti 1921 títí di 1927, gbà pé ìparí ayò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí Túndé Ọnàkọ̀yà ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní New York tí gbogbo ayé sì ń wò ó, tí àwọn òbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn lọ́wọ́ wá bá mi, ohun tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ń béèrè ni bí a ṣe ń pa ọba ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Mo máa ń kó gbogbo ọmọ ogun kúrò lórí ọpọ́n níwájú wọn, mo sì máa ń fi ọba méjì àti pọ́ọ̀nù kan sílẹ̀.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí èdè wa bá ara mu. Ojúlé ni mo ń pe ibi kọ̀ọ̀kan lórí ọpọ́n, nítorí pé bí ẹni ń ka àdírẹ́sì ilé ni a ṣe ń kà á: lẹ́tà a títí dé h ni òpópó tí ó lọ láti ìsàlẹ̀ sókè, nọ́ńbà 1 títí dé 8 ni ìlà tí ó dábùú rẹ̀. Funfun ń gòkè láti ìlà 1. Pọ́ọ̀nù tí ó bá dé ìlà 8 joyè, ó sì sábà máa ń di ayaba. Bí ọba bá wà nínú ṣẹ́ẹ̀kì tí kò sì sí ọ̀nà àbáyọ, méètì ni. Bí kò bá sí nínú ṣẹ́ẹ̀kì ṣùgbọ́n tí kò sí ìgbésẹ̀ kankan tí ẹni náà lè gbé, ọ̀mì ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọpọ́n síwájú kí ẹ tó máa kà á lọ, nítorí pé ojú nìkan kò lè kọ́ ìparí ayò. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ bá a ṣe é.

Rúùkù méjì

Èyí ni ó rọrùn jù, nínú àwọn tí a máa wò, òun sì ni ìparí tí ọba kò ti ní iṣẹ́ ṣe, nítorí náà n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi ọba dúdú sí e5, rúùkù funfun kan sí a4, èkejì sí b3, ọba funfun sí g1. Rúùkù tí ó wà ní a4 ti dí ìlà 4, ọba dúdú kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ẹ gbé rúùkù kejì sí b5, ṣẹ́ẹ̀kì ni. Ọba dúdú gòkè sí d6. Ẹ gbé rúùkù a4 sí a6, ṣẹ́ẹ̀kì ni. Ó gòkè sí c7. Bí ẹni ń gun àkàbà ni: ẹsẹ̀ kan dúró, èkejì gòkè. Ibi tí àwọn ọmọdé ti máa ń ṣubú ni ibí yìí, nítorí pé bí ẹ bá gbé rúùkù sí b7 láìronú, ọba yóò jẹ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ sá fún un: rúùkù b5 lọ sí h5. Bí ọba bá wá sí b7 láti lé rúùkù tí ó wà ní a6, kí òun náà sá lọ sí g6. Ọba padà sí c7, rúùkù h5 gòkè sí h7, ṣẹ́ẹ̀kì; ọba lọ sí d8, rúùkù g6 gòkè sí g8, méètì.

Ayaba kan

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀ràn ọmọ Mọ́lípà. Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ni láti fi ayaba lé ọba ni pé kí ayaba dúró ní ibi tí ẹṣin ì bá ti fò mọ́ ọba náà, kí ó sì máa ṣe ohun tí ọba náà bá ṣe: bí ọba bá lọ sí ọ̀tún ní ojúlé kan, kí ayaba lọ sí ọ̀tún ní ojúlé kan, bí ó bá gòkè, kí ayaba gòkè. Láìpẹ́ láìjìnnà, ọba náà yóò bá ara rẹ̀ ní etí ọpọ́n láìsí pé ẹ fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì kankan. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà lójú rẹ̀. Ẹ fi ọba dúdú sí g8, ayaba funfun sí e7, ọba funfun sí g1. Ó kan Dúdú, ó sì lọ sí h8. Ọwọ́ tí ìtẹ̀lé ti mọ́ lára yóò fẹ́ gbé ayaba sí f7. Ẹ wò ó dáadáa: láti f7, ayaba ń ṣọ́ g8, ó ń ṣọ́ g7, ó sì ń ṣọ́ h7. Ọba dúdú ti há, ọ̀mì sì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí ayaba ọmọ Mọ́lípà wà ní g6.

Ohun tí ó yẹ ni pé kí ẹ fi ayaba sílẹ̀ ní e7. Láti ibẹ̀ ó dí gbogbo ìlà 7, ó sì ń ṣọ́ f8, kò wá sí ibi tí ọba dúdú lè rìn mọ́ ju láti h8 sí g8 àti padà. Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ, kí ó máa bọ̀. Ní àkókò yẹn, ọba yín yóò dìde láti g1: g2, g3, g4, g5, g6. Ìgbésẹ̀ márùn-ún péré. Nígbà tí ó bá ti dúró ní g6, ayaba yóò lọ sí g7, ìbáà jẹ́ pé h8 ni ọba dúdú wà tàbí g8, méètì ni, nítorí pé ọba yín ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn ayaba tí ẹnikẹ́ni kò fi lè fọwọ́ kàn án. Níbikíbi tí ọba dúdú bá wà lórí ọpọ́n nígbà tí ó kù ú ku ọba yín àti ayaba yín, bí ìgbésẹ̀ bá ti tọ̀nà tí ó sì kàn yín, kò lè ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ó bá ń lo ogún kò tíì jẹ́ kí ọba rẹ̀ rìn tó.

Rúùkù kan

Rúùkù kò lè ṣe é láìsí ọba rárá. Ó lè gba ìgbésẹ̀ mẹ́rìndínlógún nígbà tí ó bá gùn jù, òfin sì wà pé bí ìgbésẹ̀ àádọ́ta bá kọjá ní ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan láìsí pé a jẹ nǹkan tàbí ṣí pọ́ọ̀nù, alátakò lè ní kí ó jẹ́ ọ̀mì. Nítorí náà, ìrìnkèrindò kò dára níbí.

Iṣẹ́ rúùkù ni láti dí ìlà bí ẹni mọ odi. Iṣẹ́ ọba ni láti dojú kọ ọba. Nígbà tí ọba méjì bá kojú síra tí ojúlé kan ṣoṣo sì wà láàrin wọn, ọba tìrẹ kò jẹ́ kí ti ẹnìkejì bọ́ síwájú. Bí rúùkù bá fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì ní ìgbà yẹn, ẹ̀yìn nìkan ló kù fún un. Bí ó bá ti wà ní etí ọpọ́n, kò sí ẹ̀yìn mọ́. Ẹ fi ọba funfun sí e6, rúùkù sí h7, ọba dúdú sí d8. Ó kan Funfun. Bí ọba yín bá sáré lọ sí d6 láti kojú rẹ̀, yóò yà kúrò. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ gbé rúùkù sí g7, ìgbésẹ̀ kékeré tí kò yí nǹkan kan padà, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ rìn. Bí ó bá lọ sí e8, ó ti kojú yín, rúùkù sí g8, méètì. Bí ó bá sá lọ sí c8, ẹ tẹ̀ lé e sí d6; ó lọ sí b8, ẹ lọ sí c6; ó lọ sí a8, ẹ lọ sí b6. Ilẹ̀ ti tán. Kò ní ju b8 lọ, níbẹ̀ ni ó sì ti kojú yín tipátipá: rúùkù sí g8, méètì.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe èyí nígbà mẹ́wàá lọ́wọ́ kan kí ẹ tó kọjá lọ. Ìgbésẹ̀ rúùkù sí g7 yẹn, tí ó dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan, ni ilẹ̀kùn tí a máa gbà wọlé sí apá tí ó kàn.

Ọba àti pọ́ọ̀nù kan

Bí mo bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo ìparí ayò, èyí ni n óò mú, nítorí pé gbogbo ìparí yòókù lè padà di òun nígbà tí ọmọ ogun bá ti jẹ ara wọn tán.

Àwọn àgbà ní àgbò méjì kì í mu omi nínú akèrègbè kan. Bẹ́ẹ̀ ni ọba méjì rí lórí ọpọ́n: òfin kò gbà kí wọ́n fara kan ara wọn, ojúlé kan gbọ́dọ̀ máa wà láàrin wọn. Nígbà tí wọ́n bá kojú síra báyìí lórí òpópó kan, ẹni tí ìgbésẹ̀ kàn ni ìyà ń jẹ, nítorí pé nínú ṣẹ́ẹ̀sì kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò ta. Òun ni ó gbọ́dọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹnìkejì a sì gba ibẹ̀ kọjá. Ìkojú ni mo ń pe ipò yìí. Ẹni tí kò kàn ni ó ni ìkojú.

Ẹ fi ọba funfun sí e4, pọ́ọ̀nù funfun sí e3, ọba dúdú sí e6. Bí ó bá kan Dúdú, Funfun yóò jẹ ayò. Bí ó bá kan Funfun, ọ̀mì ni, nítorí pé bí ọba yín bá lọ sí d4, ọba dúdú yóò lọ sí d6. Bí ẹ bá lọ sí f4, yóò lọ sí f6. Pọ́ọ̀nù yín kò sì lè ṣí nítorí pé ọba yín ló dúró níwájú rẹ̀. Ẹ wá gbé pọ́ọ̀nù náà sẹ́yìn ní ojúlé kan ṣoṣo, sí e2, kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ó ṣì kan Funfun, ṣùgbọ́n nísinsìnyí Funfun ń jẹ ayò! Yóò gbé pọ́ọ̀nù láti e2 sí e3, ipò tẹ́lẹ̀ yóò padà wá, ṣùgbọ́n Dúdú ni yóò kàn. Pọ́ọ̀nù tí ó wà lẹ́yìn dára ju èyí tí ó wà níwájú lọ nítorí pé ó ní ìgbésẹ̀ kan ní ìpamọ́. Ẹni tí ó ti ta ayò ọlọ́pọ́n rí mọ bí ó ti rí kí ènìyàn ní ọmọ ayò kan nínú ilé tí ó jìnnà, tí yóò lè ta nígbà tí gbogbo ilé yòókù bá léwu. Bí mo ṣe máa ń fi ipò yìí han àwọn ọmọ nìyí: ìdérí ìgò mínírà ni a fi rọ́pò pọ́ọ̀nù tí ó sọnù nínú ọ̀kan nínú àwọn ọpọ́n wa, òun ni mo sì máa ń lò, tí n óò máa sún un láti e3 sí e2, láti e2 sí e3, tí n óò máa béèrè pé, "Ta ni yóò jẹ báyìí?" títí tí ẹnì kan nínú wọn yóò fi pariwo.

Kí ẹ wo bí ó ṣe parí. Lẹ́yìn tí pọ́ọ̀nù bá ti lọ sí e3, ọba dúdú yà sí d6. Ọba yín kò bá a lọ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì gòkè sí f5. Dúdú lọ sí e7, ẹ lọ sí e5, ìkojú tún ni. Dúdú lọ sí d7, ẹ lọ sí f6. Ó lọ sí e8, ẹ lọ sí e6. Ọba yín ti dé ìlà 6, ó sì wà níwájú pọ́ọ̀nù rẹ̀. Láti ibẹ̀, pọ́ọ̀nù náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láìkánjú. Ẹ rántí pé ọba ni ó ń ṣáájú. Pọ́ọ̀nù ni ó ń tẹ̀lé e. Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ́dọ̀ àwọn tí ń bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n á ti pọ́ọ̀nù síwájú, ọba á sì máa sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti ẹni tí kò ní pọ́ọ̀nù. Ọdún kẹta mi ní ilé ìwé girama, níbi ìdíje kan ní Ṣágámù, mo wà ní ẹ̀gbẹ́ Dúdú: ọba mi ní e7, ọba funfun ní d5, pọ́ọ̀nù rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé e6. Mo ronú pé kí n sún mọ́ ọba rẹ̀, mo sì lọ sí d8. Ọba rẹ̀ lọ sí d6, èmi padà sí e8, ó ti pọ́ọ̀nù sí e7, mo jáde sí f7, ọba rẹ̀ sì bọ́ sí d7. Ayò ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ká ní mo ti padà sẹ́yìn gbọọrọ sí e8 ni, kò sí ohun tí ì bá ṣe: bí ó bá lọ sí d6, n óò lọ sí d8, mo ti kojú rẹ̀, bí ó bá ti pọ́ọ̀nù sí e7, ṣẹ́ẹ̀kì, n óò lọ sí e8, yóò sì di dandan kí ó fi pọ́ọ̀nù náà sílẹ̀ fún mi tàbí kí ó lọ sí e6, kí ọba mi há, kí a sì ta ọ̀mì. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin d8 àti e8 kò ju ojúlé kan lọ, n kò sì gbàgbé rẹ̀ títí di òní. Bí ẹ bá ń gbèjà, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn, ẹ padà gbọọrọ lórí òpópó pọ́ọ̀nù náà.

Pọ́ọ̀nù òpópó a àti h yàtọ̀. Bí ọba dúdú bá ti lè wọ igun tí ó wà níwájú irú pọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀, ọ̀mì ni, bí ó ti wù kí Funfun gbìyànjú tó.

Kíkà láìfi ìka kà

Nígbà mìíràn pọ́ọ̀nù nìkan ni ó ń sáré tí ọba Dúdú ń lé e, tí ọba Funfun sì jìnnà. Dípò kí ẹ máa ka ìgbésẹ̀ ní "èmi, òun, èmi, òun," ẹ fi ojú inú ya igun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba láti ibi tí pọ́ọ̀nù wà dé ìlà 8. Fún pọ́ọ̀nù tí ó wà ní b4, igun mẹ́rin náà ni b4, f4, f8 àti b8. Bí ọba dúdú bá wà nínú rẹ̀, tàbí tí ó lè wọ inú rẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án, yóò bá pọ́ọ̀nù náà. Ẹ fi ọba dúdú sí g5: bí ó bá kan án, f6, e7, d7, c7, yóò sì jẹ ayaba tuntun náà bí ó bá ti joyè ní b8. Bí ó bá kan Funfun, tí pọ́ọ̀nù sì lọ sí b5, àyè ti dín kù, ọba náà kò lè bá a mọ́. Fún pọ́ọ̀nù tí ó ṣì wà ní ìlà 2, ẹ ya á láti ìlà 3, nítorí pé ó lè fo ojúlé méjì lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí rúùkù bá kù lọ́wọ́ ẹni méjèèjì

Ìparí rúùkù ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ayò tòótọ́, ipò méjì péré ni mo sì ń ní kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́ sórí. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tí ń gbèjà, Philidor, òǹkọ̀wé orin ará Faransé tí ó tún jẹ́ ọ̀ta nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ni ó sì ṣàlàyé rẹ̀ ní 1777. Ọba funfun wà ní d5, pọ́ọ̀nù ní e5, rúùkù ní h7. Ọba dúdú wà ní e8, rúùkù dúdú ní a6. Rúùkù Dúdú dúró gbọn-in lórí ìlà 6, kò sì jẹ́ kí ọba funfun gòkè. Kí ó máa rìn láti a6 sí b6, sí a6, láìkúrò lórí ìlà náà, títí tí pọ́ọ̀nù yóò fi gba ibẹ̀. Nígbà tí pọ́ọ̀nù bá lọ sí e6, ọba funfun kò ní ibi ìsápamọ́ síwájú mọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni rúùkù dúdú yóò sọ̀ kalẹ̀ láti a6 dé a1, tí yóò sì máa fi ṣẹ́ẹ̀kì bá ọba funfun láti ẹ̀yìn: ọba sí d6, rúùkù sí d1. Ọba sí e5, rúùkù sí e1. Ọ̀mì ni.

Ìkejì jẹ́ ti ẹni tí ń lé ayò. Lucena ni wọ́n fi ń pè é, ará Sípéènì tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1497, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò náà kò sí nínú ìwé yẹn. Ọba funfun wà ní d8, pọ́ọ̀nù rẹ̀ ní d7, rúùkù rẹ̀ ní f1. Ọba dúdú ní g7, rúùkù dúdú ní c2. Ọba funfun ni ó dí ọ̀nà oyè mọ́ pọ́ọ̀nù rẹ̀, bí ó bá sì jáde báyìí, ṣẹ́ẹ̀kì ni yóò máa lé e kiri. Ẹ kọ́kọ́ gbé rúùkù sí f4. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí ìdí rẹ̀ títí tí yóò fi dé òpin. Dúdú dúró, rúùkù sí c1. Ọba jáde sí e7, ṣẹ́ẹ̀kì ní e1. Ọba sí d6, ṣẹ́ẹ̀kì ní d1. Ọba sí e6, ṣẹ́ẹ̀kì ní e1. Ọba sí d5, ṣẹ́ẹ̀kì ní d1. Nígbà yìí ni rúùkù funfun yóò kúrò ní f4 wá sí d4, tí yóò dábùú bí afárá láàrin ọba rẹ̀ àti ṣẹ́ẹ̀kì. Kò sí ṣẹ́ẹ̀kì mọ́, pọ́ọ̀nù yóò sì joyè.

Nípa bíṣọ́ọ̀bù àti ẹṣin, ohun díẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ní báyìí. Bíṣọ́ọ̀bù kan tàbí ẹṣin kan pẹ̀lú ọba kò lè pa ọba tí ó dá wà. Bí ẹ bá sì ní bíṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú pọ́ọ̀nù òpópó h, ẹ kíyè sí àwọ̀ h8, tí ó jẹ́ ojúlé dúdú: bí bíṣọ́ọ̀bù yín bá ń rìn lórí ojúlé funfun, tí ọba dúdú sì ti wọ h8, ẹ kò lè lé e jáde. Fífi bíṣọ́ọ̀bù àti ẹṣin pa ọba papọ̀ ṣòro, kò sì wọ́pọ̀. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́ tó. Ẹ mú ipò kan, kí ẹ ta á ní ẹ̀gbẹ́ Funfun, kí ẹ yí ọpọ́n padà kí ẹ ta á ní ẹ̀gbẹ́ Dúdú, nítorí pé ẹni tí kò tíì gbèjà ipò kan rí kò mọ ibi tí ìrora rẹ̀ wà. Ìkànnì Lichess jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí fóònù, ó ní abala ìdánrawò fún púpọ̀ nínú àwọn ipò wọ̀nyí, ẹ̀rọ náà kì í sì í ṣàánú ẹni tí ó bá ṣì í. Síbẹ̀, bí ẹ bá ní ọpọ́n gidi àti ẹni tí ẹ jọ lè jókòó, ẹ fi ìyẹn ṣáájú.

Nígbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ àwọn wọ̀nyí, ẹ to ipò tí Richard Réti gbé jáde ní 1921: ọba funfun ní h8, pọ́ọ̀nù funfun ní c6, ọba dúdú ní a6, pọ́ọ̀nù dúdú ní h5. Ó kan Funfun. Pọ́ọ̀nù dúdú ti ń sá lọ, ọba funfun sì wà ní ìta igun mẹ́rin rẹ̀. Pọ́ọ̀nù funfun wà ní ẹnu ọba dúdú. Gbogbo ọmọ tí mo fi hàn ló máa ń sọ pé Funfun ti kú. Ọba funfun bọ́ sí g7, pọ́ọ̀nù dúdú sí h4. Ọba sí f6, ìgbésẹ̀ tí ó ń lé pọ́ọ̀nù dúdú tí ó sì tún ń lọ gbèjà pọ́ọ̀nù tirẹ̀, nítorí pé ìrìn ọba tí ó gba igun ojúlé kọjá kò gùn ju ìrìn rẹ̀ gbọọrọ lọ. Ọba dúdú lọ sí b6, ọba funfun sí e5. Bí Dúdú bá ti pọ́ọ̀nù sí h3, ọba funfun lọ sí d6, pọ́ọ̀nù méjèèjì yóò sì joyè. Bí ọba dúdú bá jẹ pọ́ọ̀nù ní c6, ọba funfun lọ sí f4, ó ti wọ inú igun mẹ́rin. Pọ́ọ̀nù dúdú sí h3, ọba sí g3, ọwọ́ sì ti tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà yòówù kí Dúdú gbà, ọ̀mì ni.